Àwọn Ọmọ Tí A Kò Gbé Sórí Ìwọ̀n

Àwọn àgbà ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ mi ní èyí ní Igbó-Ọrà, ìlú wa ní Ìbàràpá. Bí àlejò bá bi ìyá mi pé ọmọ mélòó ló bí, yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní, "Ọlọ́run ló mọ iye wọn," yóò sì yí ọ̀rọ̀ sí nǹkan mìíràn. Nígbà tí mo wá dàgbà, iṣẹ́ tí mo yàn láàyò ni kíka ọmọ ọlọ́mọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ oyè másítà ni mí ní yunifásítì, nínú ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní bàyósítátísítíìsì. Bí mo bá fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá mi, ohun tí mo máa ń sọ ni pé dókítà ń wo aláìsàn kan lẹ́ẹ̀kan, àwa ń wo ẹgbẹ̀rún ènìyàn pọ̀, kí a lè rí ohun tí ara ẹnì kan ṣoṣo kò lè fi hàn. Bí oògùn ibà tuntun bá jáde, báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá ó sàn ju ti àtijọ́ lọ? Bí kọ́lẹ́rà bá wọ àdúgbò, báwo la ṣe máa mọ̀ pé kànga kan báyìí ló ti bẹ̀rẹ̀? Ìṣirò ni yóò sọ ọ́.

Ẹ má ro pé ìgò àti eku funfun ló kún inú láàbù wa. Tábìlì gígùn mẹ́ta ló wà níbẹ̀, àti kọ̀ǹpútà mẹ́jọ, páálí ìwé tí a tò lé ara wọn títí dé fèrèsé, pẹ̀lú fáànù kan tó ń dún bí ẹ̀rọ ìlọta. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà la jẹ́ níbẹ̀ ní ọdún tí mò ń sọ yìí. Bí iná bá lọ, a ó kó ara wa jọ sídìí kọ̀ǹpútà tí bátìrì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Bó bá di ọ̀sán, a ó rẹ gààrí sínú ike ńlá kan, ẹlẹ́pà a mú ẹ̀pà wá, onísúgà a mú súgà wá. Ètò orí kọ̀ǹpútà tí à ń lò ń jẹ́ R. Ọ̀fẹ́ ni. Olùkọ́ méjì ní Yunifásítì Auckland ní New Zealand, Ross Ihaka àti Robert Gentleman, ló dá a sílẹ̀. Inú mi máa ń dùn sí i pé irinṣẹ́ tí àwọn ọlọ́rọ̀ ń lò ní òkè òkun wà lọ́wọ́ ọmọ Igbó-Ọrà láìsan kọ́bọ̀.

Ẹni tó pẹ́ jù láàárín wa ń ka oyè ọ̀mọ̀wé. Alàgbà la ń pè é, nítorí irùngbọ̀n rẹ̀. Àǹtí Nọ́ọ̀sì náà wà níbẹ̀. Ó ti gbẹ̀bí fún ọdún mọ́kànlá kó tó padà sílé ìwé. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń darí iṣẹ́ wa, Prof la ń pè é lójú rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, Màmá ni. Èmi ni mo kéré jù níbẹ̀. Táíwò ni orúkọ mi.

Ẹni tó bá mọ Igbó-Ọrà kò ní béèrè ìdí tí mo fi yan ìwọ̀n ọmọ tuntun gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ìwádìí mi. Ìlú ìbejì ni ìlú wa. Olùwádìí kan tó ń jẹ́ Patrick Nylander kó àkọsílẹ̀ ìbímọ jọ ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ó sì rí i pé nínú 1,000 ìbímọ, nǹkan bí 45 sí 50 ló jẹ́ ìbejì. Iye yìí ga ju ti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ lágbàáyé lọ. Ìbejì sì sábà máa ń fúyẹ́ ju ọmọ tí a bí ní ẹyọ kan lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọmọ tí kò bá tó 2.5 kílò nígbà tí a bí i fúyẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì nílò ìtọ́jú pàtàkì. Mo fẹ́ mọ bí àwọn ọmọ wa ṣe ń ṣe sí.

Ibùdó ìgbẹ̀bí méjì ló fún wa ní àwòrán ojú ewé ìwé ìforúkọsílẹ̀ wọn. Wọ́n ti bo orúkọ àwọn ìyá, nọ́ńbà ló kù, nítorí òfin ìwádìí kò gbà kí a mọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Oṣù méjì ni mo fi tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, ìlà kan tẹ̀lé òmíràn: ọjọ́ orí ìyá, akọ tàbí abo, ẹyọ kan tàbí ìbejì, ìwọ̀n ọmọ. Ó lé díẹ̀ ní 800 ìlà. Àyè àkíyèsí wà ní ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan, níbi tí nọ́ọ̀sì ti ń kọ ọ̀rọ̀ ṣókí. Èmi kò tẹ ìyẹn. Ọwọ́ ìkọ̀wé ibẹ̀ le láti kà, mo sì ro pé ìwọ̀n ni iṣẹ́ mi dá lé, kì í ṣe ọ̀rọ̀.

Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ tán, mo ní kí kọ̀ǹpútà ṣe ìpíndọ́gba fún mi. Gbogbo ọmọ ilé ìwé ló mọ èyí: ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí o sì fi iye wọn pín in. Kọ̀ǹpútà kọ̀. Ohun tó kọ síwájú mi ni NA, ìyẹn ni pé kò lè dáhùn, nítorí pé ìlà mélòó kan wà tí àyè ìwọ̀n wọn ṣófo. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ pé inú bí mi. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kékeré kan wà tí ènìyàn lè kọ, tí ètò náà yóò fi fo gbogbo òfo dá. Mo kọ ọ́. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ìdáhùn jáde, ó sì dára. 3.1 kílò ni ìpíndọ́gba. Ìbejì pàápàá ń ṣe dáadáa. Ìpàdé ńlá kan fún àwọn onímọ̀ ìlera ń bọ̀, ọjọ́ Ẹtì sì ni wọ́n máa gba àkótán iṣẹ́ kẹ́yìn. Mo jókòó, mo kọ ọ́ lédè tó dùn: ìwọ̀n àwọn ọmọ ní ibùdó méjèèjì tẹ́ni lọ́rùn. Prof kà á, ó ní ó dára, ó ní bí wọ́n bá gbà á, àwọn ló máa san owó ọkọ̀ àti ilé tí n máa sùn. Mo pe ìyá mi. Kó tó di alẹ́, gbogbo àdúgbò wa ti gbọ́ pé Táyé fẹ́ lọ bá àwọn dókítà sọ̀rọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, mo fún Àǹtí Nọ́ọ̀sì ní ìwé náà kó bá mi wo àṣìṣe lẹ́tà. Ó kà á títí dé ìsàlẹ̀, ó padà sókè.

"Táyé, ọmọ mélòó ló wà nínú ìwé tí wọ́n fún ọ?"

"Ó lé ní 800, Àǹtí."

"Mélòó lo ṣírò?"

Mo wò ó. Ó lé ní 60 tí kò sí nínú ìṣirò.

"Àwọn yòókù ńkọ́?"

"Òfo ni wọ́n, mà. Kò sí ìwọ̀n."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀ sórí tábìlì. "Ìwọ̀n ni kò sí. Ṣé ọmọ ni kò sí?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Ohùn rẹ̀ kò le. Ńṣe ló ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń rántí nǹkan. Ó ní, "Bí ọmọ bá jáde tó ké, a ó nù ún, a ó gbé e sórí ìwọ̀n, a ó kọ ọ́ sílẹ̀, ìyá rẹ̀ á máa rẹ́rìn-ín. Bí kò bá wá ké ńkọ́? Gbogbo wa la máa dì mọ́ ọn kó lè mí. Bó bá kú, tí ìyá ń sunkún, ta ló máa rántí ìwọ̀n? Èmi fúnra mi ò rántí rí."

Alàgbà ti ń gbọ́ wa látọ̀dọ̀ fèrèsé. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ wa, ó sọ ìtàn kan fún mi. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Abraham Wald, tó kúrò ní Austria ní ọdún 1938 nítorí àwọn Násì, wà lára àwọn onímọ̀ ìṣirò tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba Amẹ́ríkà ní Yunifásítì Columbia. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ àwọn ọkọ̀ òfuurufú ogun wá síwájú rẹ̀. Èyí tó padà dé nínú wọn ní ihò ọta lára, ihò náà sì pọ̀ níbì kan ju ibòmíràn lọ. Ẹni tó bá wò ó lójú lásán yóò ní kí a fi irin kún ibi tí ihò pọ̀ sí. Wald rí i pé àwọn tó padà nìkan là ń wò. Ọkọ̀ tí ọta bá ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò padà wálé kí a tó ka ihò ara rẹ̀. Ibi tí ihò kò ti pọ̀ lára àwọn tó dé ni ọta ti ń pa àwọn tí kò dé.

Alàgbà wá ní, "Táyé, àwọn ọmọ tó padà dé lo wọ̀n."

Mo délé lálẹ́ ọjọ́ náà, mi ò lè jẹun. Mo pe ìyá mi.

"Màámi, ẹ kú alẹ́. Mo ní ìbéèrè kan. Kílò mélòó ni mí nígbà tí ẹ bí mi?"

"Kílò méjì àti díẹ̀ ni. Wọ́n kọ ọ́ sínú káàdì. Kí ló dé?"

"Kẹ́hìndé ńkọ́?"

Wọ́n dákẹ́. Mo gbọ́ ìró rédíò nínú ilé wa, mo gbọ́ tí wọ́n pa á. A kì í sọ̀rọ̀ Kẹ́hìndé nílé wa. Mo mọ̀ pé ó wà, mo mọ̀ pé kò pẹ́ láyé. Mi ò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ rí.

"Wọn ò gbé e sórí ìwọ̀n," ni wọ́n dáhùn. "Ó mí fún ìgbà díẹ̀. Nọ́ọ̀sì wé e mọ́ aṣọ, wọ́n gbé e fún bàbá yín. Káàdì náà ṣì wà lọ́wọ́ mi níbí, Táyé. Ìwọ nìkan ló wà nínú rẹ̀."

Mi ò sùn lóru ọjọ́ yẹn. Mo ń ro ó pé bí ìwé ìforúkọsílẹ̀ tí wọ́n fi bí èmi náà bá bọ́ sọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan bí tèmi, yóò kọ ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, kọ̀ǹpútà yóò fo Kẹ́hìndé dá, yóò sì kọ ọ́ síwájú àwọn dókítà pé ìbejì ń ṣe dáadáa.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń dá jẹ́ Táíwò. Orúkọ yẹn fúnra rẹ̀ ti sọ pé ẹnì kan ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹni tó rán mi ṣíwájú kí n lọ tọ́ ayé wò. Àbúrò mi ń jẹ́ Ìdòwú. Àlejò tó bá gbọ́ Táíwò, tó sì gbọ́ Ìdòwú, yóò mọ̀ láìbéèrè pé ẹnì kan wà láàárín wa. Láyé àtijọ́, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, àwọn òbí yóò ní kí wọ́n gbẹ́ ère ìbejì. Ìyá yóò máa wẹ̀ ẹ́, yóò máa wọṣọ fún un, yóò máa gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó wà láàyè. Ilé wa kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, n kò sì sọ pé kí a padà sí i. Ohun tó yé mi lóru yẹn ni pé àwọn ìyá wọ̀nyẹn mọ nǹkan kan tí èmi àti kọ̀ǹpútà mi gbàgbé: wọn kò jẹ́ kí àyè ẹni tí kò sí pa rẹ́.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo tan fóònù mi, mo ṣí àwòrán ìwé náà, mo lọ sí àyè àkíyèsí tí mo ti fò. Mo wá àwọn ìlà tó ṣófo lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà mẹ́ta mẹ́ta ni àwọn nọ́ọ̀sì kọ sí ọ̀pọ̀ nínú wọn: FSB, fún ọmọ tó ti kú kó tó jáde, BBA, fún ọmọ tí wọ́n bí sójú ọ̀nà kí ìyá tó dé ibùdó. Ó ju ìdajì lọ nínú àwọn òfo náà tó jẹ́ ọmọ tó kú. Ìbejì pọ̀ nínú wọn. Ìwé náà kò fi nǹkan kan pa mọ́. Èmi ni n kò kà á.

Ohun tí n kò fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n tí n óò sọ, ni pé mo rò ó láti dákẹ́. Ọjọ́ Ẹtì ti mọ́. Prof ti fọwọ́ sí i. Mo mọ̀ pé Àǹtí Nọ́ọ̀sì kò ní fẹjọ́ mi sùn. Mo lè fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́, kí n lọ ìpàdé, kí n sì tún un ṣe nígbà tí mo bá dé. Mo jókòó ti èrò yìí fún bíi wákàtí kan. Mo wá rántí pé ìyá mi pa rédíò.

Mo kúnlẹ̀ ní ọ́fíìsì Prof ní aago mẹ́jọ àárọ̀, mo sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní kí n dìde, kí n jókòó.

"Ta ló rí i?"

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì ló béèrè, mà."

"Ṣùgbọ́n ìwọ lo wá sọ ọ́." Wọ́n wo ìwé náà pẹ́ títí. "Èmi náà kà á, mi ò béèrè. Ẹ̀bi àwa méjèèjì ni. A kò ní fi ránṣẹ́."

Bí mo ṣe pàdánù ìpàdé ọdún náà nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín pé ọkàn mi balẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ nítorí pé mo sọ òtítọ́. Mo lọ sẹ́yìn ilé ìkàwé, mo sunkún. Nígbà tí ẹlẹgbẹ́ mi kan lọ ìpàdé náà tó ń fi àwòrán ránṣẹ́, mo jowú. Ìyá mi náà ní láti máa ṣàlàyé ní àdúgbò pé Táyé kò lọ mọ́.

Ọ̀sẹ̀ méje ni a fi tún iṣẹ́ náà ṣe. A tẹ gbogbo àkíyèsí. A kọ iye àwọn tí a kò wọ̀n sí òkè pátápátá, kí olùkàwé tó rí ohunkóhun mìíràn. Lẹ́yìn èyí ni a wá sí ibi tó le jù. A kò lè dá ìwọ̀n tí a kò mọ̀ sílẹ̀ kí a sì pè é ní òtítọ́. Ohun tí a lè ṣe ni kí a ṣe ìṣirò náà ní ọ̀pọ̀ ọ̀nà. Bí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn bá fúyẹ́ díẹ̀ ńkọ́? Bí wọ́n bá fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ńkọ́? Ṣé ìdáhùn yóò yí padà? Ó yí padà, ti ìbejì ló sì yí jù. Gbólóhùn mi pé ó tẹ́ni lọ́rùn kò lè dúró mọ́.

Ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ tó wà nínú ìwé tuntun náà kúrú: kí a máa wọn gbogbo ọmọ, èyí tó ké àti èyí tí kò ké. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ló bá wa kọ lẹ́tà sí ibùdó méjèèjì, nítorí òun ló mọ bí a ṣe ń bá nọ́ọ̀sì tó ti rẹ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láìdá a lẹ́bi. Ọ̀kan nínú wọn ti fi àyè kan kún ìwé rẹ̀, fún ìdí tí wọn kò fi wọn ọmọ.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ ó bá òfo pàdé. Yóò wà nínú iṣẹ́ ìṣirò yín, yóò wà nínú ìwé ìtàn, yóò wà lórí àga kan ní kíláàsì yín tí ọmọ tó ń jókòó síbẹ̀ kò wá mọ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó rọrùn láti fò ó. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí, bí ọmọ bá wá sọ fún yín pé òun ṣe àṣìṣe tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí, ẹ rántí bí Prof ṣe ní kí n dìde, kí n jókòó.

Nígbà tí mo lọ sílé lọ́dún Àjíǹde, mo ní kí ìyá mi fi káàdì náà hàn mí. Ó ti pọ́n, etí rẹ̀ ti gbó. Mo bèèrè bóyá mo lè kọ nǹkan sí i. Wọ́n gbé bírò fún mi láìsọ̀rọ̀. Lábẹ́ ìwọ̀n tèmi, mo kọ ọ́ pé: Kẹ́hìndé. A kò wọ̀n ọ́n. Wọ́n gbà á, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n dá a padà sínú àpótí.

Mo ti wá ń rò ó pé bóyá ìdí kan nìyẹn tí àwọn àgbà fi ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ẹni tó ń ka ọmọ ọlọ́mọ lè tètè fo ọ̀kan dá. Èmi ṣì ń kà wọ́n, nítorí iṣẹ́ mi nìyẹn, ṣùgbọ́n mo ń rọra kà báyìí. Ní ọjọ́ kejì Àjíǹde, àlejò kan bi ìyá mi pé ọmọ mélòó ni wọ́n bí. Wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ọlọ́run ló mọ iye wọn."